Ilẹ̀ Tí Ń Jẹ Màlúù Tí Kò Bí I

Ẹni tí ó bá dé Òjòwò, ọ̀kan nínú àwọn ìlú tí ó para pọ̀ di Ìjẹ̀bú-Igbó, yóò tètè mọ̀ pé orúkọ Ìjẹ̀bú-Igbó kì í ṣe orúkọ lásán. Igbó ni ó yí ìlú náà ká láti ìbẹ̀rẹ̀. Igi gẹdú, kòkó, obì àti ọ̀pẹ ni àwọn ènìyàn ibẹ̀ fi ń jẹun láti ọjọ́ pípẹ́. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ ìnáwó bá dé, ìbáà ṣe òkú àgbà, ìgbéyàwó tàbí oyè jíjẹ, ẹran tí a fi ń mọ̀ pé ẹni tí ń náwó kì í ṣe ẹni yẹpẹrẹ ni màlúù. Alápatà yóò dé, ọ̀bẹ yóò dé, ọbẹ̀ yóò sì kárí àlejò.

Ìbéèrè kan wà tí àwọn tí ń jẹ ẹran náà kì í sábà bi ara wọn. Níbo ni a ti bí màlúù yìí? Ta ni ó ṣọ́ ìyá rẹ̀ ní òru ọjọ́ tí ó rọbí? Ta ni ó yan akọ tí ó gùn ún? Lọ́pọ̀ ìgbà, ìdáhùn ni pé a kò bí i ní Ìjẹ̀bú rárá. Òkè Ọya ni a ti bí i, tàbí ilẹ̀ Niger àti Chad, kí a tó fi ọkọ̀ kó o wá sí ọjà kárà. Báwo ni ilẹ̀ tí ó fẹ́ràn màlúù tó báyìí ṣe di ilẹ̀ tí ń jẹ ẹ́ tí kò bí i? Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹran nìkan. Ìtàn ìjọba, ìtàn igbó, ìtàn kòkòrò kékeré kan àti ìtàn ìmọ̀ tí ó bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn ni.

Olówó àti Olùṣọ́

Àwọn Yorùbá ayé àtijọ́ kò ṣàìní màlúù. Ọ̀yọ́-Ilé wà ní ilẹ̀ ọ̀dàn, níbi tí koríko ti pọ̀ tí igbó sì fọ́nká. Àwọn ìjòyè àti ọlọ́rọ̀ ibẹ̀ ní ẹṣin, wọ́n sì ní agbo màlúù. Ṣùgbọ́n ìtọ́jú ẹran náà kò sí ní ọwọ́ àwọn tí ó ni ín. Samuel Johnson, tí ó parí ìwé ìtàn rẹ̀ ní ọdún 1897, tí a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1921, jẹ́ kí á mọ̀ pé àwọn ẹrú Gàmbàrí ni ó ń ṣe iṣẹ́ gbàjámọ̀, iṣẹ́ okùn ṣíṣe àti iṣẹ́ dída màlúù fún àwọn olówó wọn. Nígbà tí Àfọ̀njá, Ààrẹ-Ọ̀nà-Kakaǹfò tí ó fi Ìlọrin ṣe ibùjókòó, ṣọ̀tẹ̀ sí Aláàfin, ní nǹkan bí ọdún 1817, àwọn ẹrú wọ̀nyí fi olówó wọn sílẹ̀, wọ́n sì wọ́ lọ sí Ìlọrin láti di ọmọ ogun.

Àwọn òpìtàn a máa tẹnu mọ́ ohun tí ìṣẹ̀lẹ̀ náà ṣe sí agbára Ọ̀yọ́. Ó yẹ kí á ro ohun tí ó ṣe sí agbo ẹran pẹ̀lú. Ẹni tí ń da màlúù ni ó mọ abo tí ó lóyún àti èyí tí oyún bàjẹ́ mọ́ lára. Òun ni ó mọ akọ tí ọmọ rẹ̀ ń lágbára àti èyí tí ọmọ rẹ̀ ń kú ní rírọ̀. Kò kọ ìmọ̀ yìí sínú ìwé kankan. Inú orí rẹ̀ ni ó wà. Ọjọ́ tí ó bá gbé ọ̀pá rẹ̀ tí ó lọ, màlúù lè ṣẹ́ kù sí ọwọ́ olówó, ṣùgbọ́n ìmọ̀ bíbí rẹ̀ ti bá a lọ. Láti ìgbà náà wá ni a ti lè rí ohun kan tí yóò máa hàn léraléra nínú ìtàn yìí: ọ̀tọ̀ ni ẹni tí ó ni màlúù, ọ̀tọ̀ ni ẹni tí ó mọ̀ ọ́n sìn.

Eṣinṣin Tí Ó Pa Ààlà

Bí Ọ̀yọ́ ṣe rí kọ́ ni Ìjẹ̀bú rí. Bí ènìyàn bá ti ń ti ọ̀dàn bọ̀ wá sí inú igbó, ẹṣin á máa rù, màlúù oníké á máa rù, ìkú á sì dé bá wọn. Èyí wà lára ohun tí kò jẹ́ kí àwọn ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ lè fi ẹṣin jagun pẹ́ nínú igbó. Àwọn àgbà mọ̀ pé igbó kò gba ẹṣin, ṣùgbọ́n wọn kò mọ ohun tí ń pa á.

Ní nǹkan bí ọdún 1895 ni oníṣègùn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan, David Bruce, rí ìdí rẹ̀ ní ilẹ̀ Zulu, ní gúúsù Áfíríkà. Ó rí kòkòrò tíńtín kan tí ojú lásán kò lè rí nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ẹran tí àìsàn nagana ń ṣe, ó sì fi hàn pé eṣinṣin tí a ń pè ní tsetse ni ó ń gbé e láti ara ẹran kan sí òmíràn. Irú kòkòrò yìí kan náà ni ó ń fa àrùn sunrunsunrun lára ènìyàn. Eṣinṣin yìí fẹ́ràn òjìji, ó sì fẹ́ràn ọ̀rinrin. Bèbè odò tí igi bò, bí irú èyí tí ó pọ̀ ní agbègbè Ìjẹ̀bú-Igbó, Agó-Ìwòyè àti etí odò Ògùn, jẹ́ ilé fún un.

Àwọn ènìyàn máa ń rò pé pípa ni nagana ń pa ẹran, kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ibi tí ó ti ń ṣe ìpalára jù ni ilé ọmọ. Abo tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti tán kì í wá akọ ní àsìkò. Bí ó bá lóyún, oyún náà lè bàjẹ́, tàbí kí ó bí òkú ọmọ, tàbí kí ó bí ọmọ tí kò ní agbára láti dìde mu ọmú. Akọ tí ó bá kó àrùn náà lè má lè fún abo lóyún mọ́. Nítorí náà, bí a tilẹ̀ kó 100 màlúù oníké wọ inú igbó láyé ìgbà náà, tí gbogbo wọn kò sì kú lẹ́ẹ̀kan náà, agbo náà yóò parun díẹ̀díẹ̀, nítorí pé àwọn tí ń bí kò tó àwọn tí ń kú. Ààlà tí ọba kankan kò pa ni eṣinṣin yìí pa láàrin ọ̀dàn àti igbó.

Màlúù Kúkúrú Inú Igbó

Síbẹ̀, ìran màlúù kan wà tí ó gba igbó. Kò ní iké lẹ́yìn, ìwo rẹ̀ kúrú, ara rẹ̀ sì máa ń dúdú tàbí kí ó jẹ́ dúdú àti funfun. Gíga rẹ̀ kì í sábà ju bíi mítà 1 lọ. Muturu ni àwọn Hausa ń pè é, orúkọ yìí náà sì ni ó wọ inú ìwé. Ní ẹ̀bá ọ̀sà, ní ìhà gúúsù ilẹ̀ Benin, ìbátan rẹ̀ kan wà tí àwọn Faransé sọ ní Lagune. Àwọn ìran wọ̀nyí ti gbé pẹ̀lú eṣinṣin náà fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Àwọn tí ara wọn kò gbà á ti kú láìbímọ. Àwọn tí ara wọn gbà á ni ó bí àwọn tí ó kù. Kì í ṣe pé kòkòrò náà kì í wọ inú ẹ̀jẹ̀ wọn, ṣùgbọ́n ara wọn a máa kápá rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ wọn kì í sì í tètè tán.

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní: màlúù tí kò nírù, Ọlọ́run ní í bá a lé eṣinṣin. Bí a bá wo màlúù kúkúrú yìí, a ó rí i pé òwe náà fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òótọ́ gidi lára rẹ̀. Inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni Ọlọ́run ti bá a lé eṣinṣin.

Bí a ṣe ń sìn ín ni pé a kì í sìn ín ní tòótọ́. Ó ń jẹ̀ kiri lẹ́yìn ilé àti nínú oko àìro bí ewúrẹ́ ṣe ń jẹ̀. Ẹni tí ó ni abo lè gbé e fún ẹlòmíràn láti bá a sìn, kí wọ́n sì jọ pín ọmọ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe sí ewúrẹ́ àti àgùntàn. Ọgbọ́n wà nínú àṣà yìí, nítorí pé bí àjálù bá bá agbo kan, ọmọ yóò ṣẹ́ kù ní ibòmíràn. Ṣùgbọ́n àbùkù tirẹ̀ náà wà. Kò sí ẹni tí ń yan akọ. Akọ tí ó bá wà ní ìtòsí ni ó ń gun abo, ìbáà ṣe ìyá rẹ̀, ìbáà sì ṣe ọmọ rẹ̀. Ẹran tí ó bá sì tóbi jù, tí ó rẹwà jù, òun ni a kọ́kọ́ ń fà fún ọdún tàbí fún ìnáwó. Èyí túmọ̀ sí pé èyí tí ó yẹ kí ó máa bímọ ni a ń pa, èyí tí ó rù ni a ń fi sílẹ̀ láti máa bí sí i. Bí àgbẹ̀ bá ń jẹ iṣu tí ó dára jù tí ó ń fi èyí tí ó kéré jù ṣe èbù, ohun tí yóò bá lóko lẹ́yìn ọdún mélòó kan kò ní yà á lẹ́nu.

Àjàkálẹ̀ Àrùn àti Ọkọ̀ Ojú Irin

Ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún mú ohun méjì wá tí ó yí ọ̀rọ̀ padà. Èkínní ni àjàkálẹ̀ àrùn màlúù tí ó wọ Áfíríkà láti ìhà ìlà-oòrùn ní nǹkan bí ọdún 1887, tí ó sì dé ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà láàrin ọdún mélòó kan. Ó pa màlúù lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Ọ̀pọ̀ ọdún ni a fi bá àrùn yìí jà. Ní ọdún 1962 ni àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà bẹ̀rẹ̀ sí í fi abẹ́rẹ́ àjẹsára gbógun tì í pa pọ̀, ọdún 2011 sì ni a tó kéde fún gbogbo ayé pé kò sí mọ́.

Èkejì ni ọ̀nà ojú irin. Ó dé Ìbàdàn ní ọdún 1901. Ní ọdún 1912 a ti ṣí i dé Kano. Ogun Ìmágbọ̀n ọdún 1892 sì ti ṣí ọ̀nà ilẹ̀ Ìjẹ̀bú tẹ́lẹ̀. Màlúù tí ó ń fi ẹsẹ̀ rìn fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, tí eṣinṣin ń jẹ lójú ọ̀nà, wá ń wọ ọkọ̀, ó sì ń dé Èkó kí àrùn tó ráyè pa á. Kò sí ìdí mọ́ tí ará Ìjẹ̀bú fi ní láti da ara rẹ̀ láàmú nípa bíbí màlúù. Ó ní owó kòkó àti owó obì. Owó náà ni ó fi ń ra ẹran. Bí a bá wò ó dáadáa, ọjà ni ó sọ gúúsù di ilẹ̀ ajẹran. Eṣinṣin nìkan kọ́.

Ọgbà Ìjọba

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rí i pé kò bọ́gbọ́n mu kí ilẹ̀ koríko Ọ̀yọ́ máa wà lásán. Ìran màlúù tí wọ́n yàn ni N'Dama, tí orísun rẹ̀ jẹ́ òkè Futa Jallon ní ilẹ̀ Guinea. Kò ní iké, ara rẹ̀ gba nagana, ó sì tóbi ju Muturu lọ. A kó o wá sí àwọn ọgbà màlúù, lára wọn ni ọgbà Fáṣọlá nítòsí ìlú Ọ̀yọ́. Lẹ́yìn èyí, a tún lo N'Dama ní ọgbà Upper Ogun.

Ẹ̀kọ́ tí àwọn ọgbà wọ̀nyí kọ́ni tóbi ju iye ẹran tí ó wà nínú wọn lọ. Wọ́n fi hàn pé ìbísí màlúù jẹ́ iṣẹ́ tí a ń ṣètò. Akọ kan tí ara rẹ̀ le tó fún abo 25 sí 30. Bí akọ bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìjà ni wọn yóò máa jà. Bí kò bá tó, àwọn abo kan yóò fi ọdún kan ṣòfò. A ní láti mú akọ kúrò nínú agbo kí àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin tó dàgbà tó ẹni tí ń gba akọ. A ní láti fi àmì sí ara ọmọ kọ̀ọ̀kan, kí a kọ ọjọ́ tí a bí i, ìyá rẹ̀ àti bàbá rẹ̀ sílẹ̀. Oṣù mẹ́sàn-án àti ọjọ́ mélòó kan ni màlúù fi ń lóyún. Abo tí ó bá lóyún ní oṣù Keje, nígbà tí koríko pọ̀, yóò bí ní nǹkan bí oṣù Kẹrin, nígbà tí òjò tuntun ti ń mú koríko hù fún un láti fi ṣe wàrà. Èyí tí ó bá bí nínú ọ̀gbẹlẹ̀, egungun ara rẹ̀ ni ó fi ń bọ́ ọmọ.

Òfin tí ó dájú wà fún alẹ́ ìrọbí pẹ̀lú. Ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì àti imú ọmọ ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ jáde. Bí ohun mìíràn bá yọ, tàbí tí abo bá ti ń rọbí kíkankíkan fún wákàtí méjì láìsí ìtẹ̀síwájú, oníṣègùn ẹran ni a ń pè. Kí a fi oògùn apakòkòrò sí ìwọ́ ọmọ, kí ó sì mu wàrà àkọ́sun láàrin wákàtí mẹ́fà. Ohun tí ó fà á ni pé ọmọ màlúù kì í gba agbára ìdènà àrùn láti inú ẹ̀jẹ̀ ìyá rẹ̀ nígbà tí ó wà nínú oyún. Inú wàrà àkọ́kọ́ yẹn nìkan ni ó wà. Ọmọ tí kò bá rí i mu dà bí ọmọ ogun tí ó lọ sójú ogun lọ́wọ́ òfo.

Ọ̀pọ̀ ọgbà ìjọba kò dúró bí a ti fẹ́. Bí owó ìjọba bá dín kù, ọgbà a di igbó, àkọsílẹ̀ a sì di oúnjẹ ikán. Lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹni tí ó ni màlúù wà ní ọ̀fíìsì, ẹni tí ó mọ̀ ọ́n sìn sì ń gba owó oṣù tí kò tó nǹkan.

Okùn Ọmọ àti Igbá Wàrà

Láàrin ìgbà náà, àwọn Fúlàní ti ń sún mọ́ gúúsù. Oògùn nagana tí ó jáde ní àwọn ọdún 1950, bí igbó ṣe ń di oko, àti bí igi gẹdú ṣe ń wó, dín agbára eṣinṣin kù. Gáà Fúlàní wá wà ní ibi tí a kò ti rò ó tẹ́lẹ̀. Àwọn oníṣòwò, olùkọ́ àti àgbẹ̀ Yorùbá bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó ra abo, wọ́n sì ń fi wọ́n sí ọwọ́ Fúlàní láti bá wọn dà. Olówó ni ó ni màlúù. Fúlàní ni ó ni wàrà, a sì máa ń fún un ní ọmọ màlúù lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹni tí ó bá dé gáà ní òwúrọ̀ yóò rí okùn gígùn kan tí a ta sílẹ̀, tí a so àwọn ọmọ màlúù mọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. A ó tú ọmọ kan, yóò sáré lọ bá ìyá rẹ̀, yóò mu díẹ̀ kí wàrà lè sọ̀. Lẹ́yìn náà a ó fà á kúrò, a ó sì fún ìyókù sínú igbá. Àwọn obìnrin ni ó ń gbé wàrà náà ka iná, tí wọ́n ń fi omi ewé bòmubòmu mú un dì, tí wọ́n sì ń gbé e lọ sí ọjà. Wàrà dídì yìí ti di oúnjẹ Yorùbá tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò ro ibi tí ó ti wá.

Ìjà ìdákẹ́jẹ́ kan wà nínú igbá náà. Ohun tí obìnrin fún sínú igbá ni ọmọ màlúù kò mu. Bí a bá fún un jù nínú ọ̀gbẹlẹ̀, ọmọ á rù, eégbọn á bò ó, yóò sì kú. Bí ó bá yè, yóò pẹ́ kí ó tó dàgbà tó ẹni tí ń bímọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ dá ọgbọ́n lé èyí lè sọ pé Fúlàní ń fi wàrà pa ọmọ. Ṣùgbọ́n kí ni olówó ń fún un? Bí a kò bá san owó iṣẹ́ fún olùtọ́jú, inú igbá ni yóò ti gba owó rẹ̀. Nítorí náà, ikú ọmọ màlúù jẹ́ ọ̀rọ̀ àdéhùn tó bí ó ti jẹ́ ọ̀rọ̀ oúnjẹ.

Ewu mìíràn wà. Àrùn kan ń mú oyún màlúù bàjẹ́, tí a ń pè ní brucellosis. David Bruce kan náà ni ó kọ́kọ́ rí irú kòkòrò rẹ̀, ní erékùṣù Malta, ní ọdún 1887. Ọmọ Denmark kan, Bernhard Bang, rí èyí tí ń bá màlúù jà ní ọdún 1897. Ẹni tí ó bá mu wàrà tútù tí a kò sè, tàbí tí ó fi ọwọ́ lásán gbé ibi ọmọ tí ó bàjẹ́, lè kó o. Fún ìdí èyí, abo tí oyún rẹ̀ bá bàjẹ́ kò yẹ ní títà fún aládùúgbò láìwí. Ó yẹ kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò.

Ọ̀rọ̀ Òde Òní

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2021, àwọn gómìnà ìhà gúúsù pàdé ní Asaba, wọ́n sì pinnu láti fi òfin de dída ẹran kiri. Ìpínlẹ̀ Ògùn náà ṣe òfin tirẹ̀ ní ọdún náà. Ẹ̀jẹ̀ tí ó ti ta sílẹ̀ láàrin àgbẹ̀ àti darandaran ni ó fà á. Ní oṣù Keje ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ẹran ọ̀sìn.

Òfin lè dá màlúù dúró sójú kan, ṣùgbọ́n òfin kò lè mú un bímọ. Agbo tí a bá sé mọ́ inú ọgbà nílò koríko tí a gbìn, omi, àti akọ tí a yàn. Ó nílò ẹni tí yóò mọ̀ pé abo ń wá akọ, èyí tí kì í ju wákàtí mélòó kan lọ lẹ́ẹ̀kan ní ọjọ́ 21, tí ó sì máa ń ṣẹlẹ̀ lóru. Bí a bá sọ pé a ó lo àtọ̀ akọ òkè òkun láìfa akọ wá, òwúrọ̀ tí a rí àmì ni a ti ń múra fún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Bí kò bá sí ẹni tí ó rí àmì náà, àtọ̀ olówó iyebíye yóò ṣòfò. Ọmọ Friesian tí ó ń sun wàrà púpọ̀ kò sì ní ẹ̀jẹ̀ tí ó gba eṣinṣin. Muturu tí ó ní i ti di ìwọ̀nba kékeré. Bí ó bá parun, kò sí ọjà tí a ó ti rí i rà.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1817 lè tún ṣẹlẹ̀. Bí a bá lé darandaran lọ láìkọ́ ohun tí ó mọ̀, ọgbà yóò wà, màlúù yóò wà, ṣùgbọ́n ìmọ̀ yóò ti lọ. Bí a bá jẹ́ kí ọmọ Fúlàní àti ọmọ Ìjẹ̀bú jọ jókòó nínú kíláàsì kan náà láti kọ́ ìtọ́jú oyún ẹran, tí a sì san owó iṣẹ́ fún ẹni tí ń ṣọ́ ìrọbí, ó ṣeé ṣe kí a rí màlúù tí a bí ní ìtòsí Òjòwò lọ́jọ́ kan. Ọlọ́run ti bá màlúù kúkúrú lé eṣinṣin rẹ̀ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Ìyókù wà lọ́wọ́ ẹni tí ó ní in àti ẹni tí ó mọ̀ ọ́n sìn, bí àwọn méjèèjì bá lè fohùn ṣọ̀kan.